Bí A Ṣe Ń So Sípíkà Mìíràn Mọ́ Ẹ̀rọ Gbohùngbohùn Alágbèéká

Níbi ìpàdé ìta gbangba tí kánópì rẹ̀ bá ti ju mẹ́ta lọ, ohun kan náà ni mo máa ń bá pàdé bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan ṣoṣo ni wọ́n gbé kalẹ̀. Àwọn tí wọ́n jókòó níwájú ń fi ìka di etí, àwọn tí wọ́n wà lẹ́yìn ń bi ara wọn léèrè ohun tí oníwàásù sọ, ẹni tí ó wà nídìí ẹ̀rọ sì ń yí ohùn sókè títí ọ̀rọ̀ fi di ariwo tí ẹnikẹ́ni kò lè dá mọ̀. Ẹ̀rọ náà kò ṣẹ̀. Bí ohùn bá ṣe ń jìnnà sí ibi tí ó ti jáde ni ó ń rẹlẹ̀, ó sì ní ìwọ̀n tí ó fi ń rẹlẹ̀: ní gbangba, nígbàkúùgbà tí ìjìnnà bá di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ́lì 6 (dẹ́síbẹ́lì ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe lọ sókè tó) ni ohùn fi ń dín kù. Bí a bá fẹ́ kí ẹni tí ó jókòó ní mítà 32 sí sípíkà gbọ́ ọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó jókòó ní mítà 4 ti ń gbọ́ ọ, agbára tí ẹ̀rọ yóò gbé jáde gbọ́dọ̀ di ìlọ́po 64 èyí tí ó ń gbé jáde tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ alágbèéká tí ó lè ṣe é, bí ọ̀kan bá sì wà tí ó lè ṣe é pàápàá, etí àwọn ará iwájú kò ní gbà á. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá bi mí pé iṣẹ́ tí sípíkà kejì wà fún ni kí ó gbé ọ̀rọ̀ lọ bá àwọn tí wọ́n jókòó síbi tí ti àkọ́kọ́ kò dé.

Ẹ̀rọ tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni irú èyí tí ó wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kéékèèké, mọ́ṣáláṣí àdúgbò, ilé ẹ̀kọ́ àti ibi ìsọmọlórúkọ: àpótí onítáyà tí ó ní ọwọ́ tí a fi ń fà á, tí bátìrì, ańpílífáyà (apá tí ń fún ohùn lágbára) àti sípíkà rẹ̀ wà nínú ara kan náà, tí máíkì aláìlówáyà kan tàbí méjì sì máa ń bá a wá.

Ta ni yóò bọ́ sípíkà kejì?

Kí ẹ tó ra waya kankan, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ yín síta, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan tí ó wà níbẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún sípíkà tí ẹ fẹ́ fi kún un pẹ̀lú. Oríṣi sípíkà méjì ni ó wà lọ́jà. Ọ̀kan ní ańpílífáyà tirẹ̀ nínú, ó sì ń lo iná tàbí bátìrì tirẹ̀, nítorí náà ó ń bọ́ ara rẹ̀. Òun ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní active. Èkejì kò ní ańpílífáyà rárá. Bí ẹ̀rọ mìíràn kò bá bọ́ ọ, kò lè fọhùn, òun sì ni wọ́n ń pè ní passive. Bí ẹ bá rí ojú ibi tí a ti ń ki waya iná mànàmáná bọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń bọ́ ara rẹ̀ nìyẹn.

Ihò tí ohùn ń gbà jáde lára ẹ̀rọ gbohùngbohùn náà pín sí méjì lọ́nà kan náà. Èyí tí wọ́n kọ LINE OUT, MIX OUT tàbí LINK sí ń gbé ohùn jáde láìsí agbára; iná orí rẹ̀ kì í sábà ju bíi fóòtì (volt) 1 lọ, sípíkà tí ń bọ́ ara rẹ̀ ni ó sì wà fún. Èyí tí wọ́n kọ SPEAKER OUT tàbí EXT SPEAKER sí ń gbé ohùn jáde tagbáratagbára, sípíkà tí à ń bọ́ ni ó sì wà fún. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì pọ̀ gan-an. Ańpílífáyà tí ó ń gbé wáàtì 100 sínú sípíkà óòmù 8 (n óò ṣàlàyé óòmù nísàlẹ̀) ń ti fóòtì bíi 28 jáde, bí ẹ bá sì ki irú iná bẹ́ẹ̀ sínú sípíkà tí ń retí fóòtì 1, apá tí ó ń gba ohùn wọlé lára rẹ̀ lè jóná kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ohunkóhun. Bí ẹ bá sì ṣe òdìkejì rẹ̀, tí ẹ so sípíkà tí à ń bọ́ mọ́ LINE OUT, ohùn tín-ín-rín ni ẹ óò gbọ́, tàbí kí ẹ má gbọ́ nǹkan kan. Jáàkì ńlá oní-mìlímítà 6.35 ni ó ń fa àṣìṣe yìí jù lọ, nítorí pé irú rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò fún ihò méjèèjì; ojú kò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn, àfi kí a ka ohun tí wọ́n kọ.

Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí wọn kò ní ihò tí ohùn ń gbà jáde rárá. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u láti fa waya jáde lára sípíkà inú rẹ̀, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí sípíkà inú yẹn nìkan ti jẹ́ gbogbo ẹrù tí ańpílífáyà rẹ̀ lè gbé. Ohun tí ó tọ́ ni kí ẹ wá míkísà kékeré kan, ìyẹn àpótí tí a fi ń da ohùn pọ̀ tí a sì fi ń darí rẹ̀, kí máíkì wọ inú míkísà náà, kí ẹnu ọ̀tún rẹ̀ lọ sí LINE IN ti ẹ̀rọ yín, kí ẹnu òsì rẹ̀ sì lọ sí sípíkà kejì tí ń bọ́ ara rẹ̀.

Bí sípíkà kejì bá ń bọ́ ara rẹ̀

Ọ̀nà yìí ni mo fara mọ́ jù, pàápàá fún ẹni tí kò fi í ṣe iṣẹ́ òòjọ́, nítorí pé kò fi ẹrù kún ẹrù ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Ẹ pa ẹ̀rọ méjèèjì, ẹ yí ohùn wọn wálẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì fa waya láti LINE OUT ti àkọ́kọ́ wọ LINE IN ti èkejì. Bí sípíkà kejì bá ní ibi tí a ti ń yan MIC tàbí LINE, LINE ni kí ẹ fi sí, torí bí ó bá wà ní MIC, ohùn yóò máa ha. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni ẹ óò kọ́kọ́ tàn, sípíkà kejì ni yóò tàn kẹ́yìn. Nígbà tí ẹ bá sì ń palẹ̀ mọ́, sípíkà kejì ni ẹ óò kọ́kọ́ pa. Ìdí ni pé ẹ̀rọ máa ń dún gbàmù nígbà tí a bá tàn án tàbí tí a bá pa á, bí sípíkà bá sì ti wà lójúfò, ìró náà yóò gba inú rẹ̀ kọjá.

Irú waya tí ẹ lò ni yóò sọ bí sípíkà náà ṣe lè jìnnà tó. Waya XLR ní ẹsẹ̀ mẹ́ta: ẹsẹ̀ 1 ni ààbò tí ó yí waya ká, ẹsẹ̀ 2 àti 3 sì ń gbé ohùn kan náà ní ìdojú-ìjà-kọra, tó bẹ́ẹ̀ tí ariwo èyíkéyìí tí ó bá kó sí méjèèjì lójú ọ̀nà yóò pa ara rẹ̀ rẹ́ nígbà tí ó bá dé òpin. Ẹ lè na irú waya yìí dé mítà 30 láìbẹ̀rù. Waya RCA àti jáàkì oní-okùn kan kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo máa ń fi wọ́n mọ sí mítà 5 tàbí 6, torí bí wọ́n bá ti gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìró jẹnẹrétọ̀ àti ohùn rédíò lè bẹ̀rẹ̀ sí í gba ara wọn wọlé.

Bí ẹ bá so ó tán tí ẹ sì ń gbọ́ hùùùn tí kò dẹwọ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ojú iná ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rọ méjèèjì ti ń gba iná. Ẹ fa iná àwọn méjèèjì wá sórí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ máa lo bátìrì rẹ̀. Mo ti rí àwọn tí wọ́n gé ẹsẹ̀ kẹta plọ́ọ̀gì dànù kí hùùùn yìí lè lọ. Ẹsẹ̀ yẹn ni ó ń darí iná lọ sínú ilẹ̀ bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ. Bí a bá gé e, ara ẹni tí ó di máíkì mú ni iná náà lè gbà.

Bluetooth ńkọ́? Àwọn sípíkà kan máa ń so ara wọn pọ̀ láìsí waya bí wọ́n bá jẹ́ irú kan náà, ó sì dára fún orin tí a ń lù láti inú fóònù. Fún ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, kò dára, nítorí pé Bluetooth lè dá ohùn dúró tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ yóò sì máa jáde lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ẹ̀rọ yín ni yóò bá bọ́ ọ

Ibí ni owó ti ń ṣòfò, nítorí náà mo fẹ́ kí a fara balẹ̀. Óòmù, tí wọ́n fi orúkọ Georg Ohm ará Jámánì sọ, ẹni tí ó tẹ ìwé rẹ̀ lórí òfin iná jáde ní 1827, ni a fi ń wọn bí sípíkà ṣe ń dá iná dúró tó. Bí óòmù bá ṣe kéré tó ni iná tí ó ń sáré jáde lára ańpílífáyà ṣe ń pọ̀ tó. Lẹ́yìn ẹ̀rọ yín, nítòsí ihò sípíkà, ẹ óò rí nǹkan bíi MIN 4Ω tàbí 4–8Ω (Ω ni àmì óòmù). Òpin nìyẹn. Bí àpapọ̀ sípíkà yín bá lọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ańpílífáyà yóò máa gbóná, yóò máa pa ara rẹ̀ bí ó bá ní ààbò, yóò sì jóná bí kò bá ní.

Bí àwọn sípíkà bá jẹ́ óòmù kan náà, ẹ fi iye wọn pín óòmù náà. Méjì oní-óòmù 8 di 4. Mẹ́ta di 2.67, mẹ́rin di 2. Bí wọ́n bá yàtọ̀ síra, ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀ fún ara wọn, kí ẹ sì fi àròpọ̀ wọn pín in: óòmù 8 pẹ̀lú óòmù 4 jẹ́ 32 tí a fi 12 pín, ìyẹn 2.67. Ẹ rántí ka sípíkà inú ẹ̀rọ náà mọ́ wọn bí ó bá ṣì ń fọhùn nígbà tí ẹ ti ki ti ìta bọ̀ ọ́, nítorí pé lára àwọn ẹ̀rọ kan, ti inú máa ń dákẹ́ bí a bá ti ki jáàkì bọ EXT SPEAKER, lára àwọn mìíràn kì í dákẹ́. Bí orí sípíkà kan bá ti pa rẹ́ tí ẹ kò rí óòmù rẹ̀ kà, ẹ fi multimeter tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò wò ó nígbà tí kò sí lára ẹ̀rọ kankan: óòmù 8 máa ń fi bíi 6 hàn, óòmù 4 sì máa ń fi bíi 3 hàn.

Ohun kan wà tí ó ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ sípíkà tí à ń bọ́, ihò méjì ni ó wà, a sì lè fa waya láti inú ọ̀kan wọ inú sípíkà tí ó tẹ̀ lé e. Nítorí pé wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn bí àwọn tí wọ́n tò láti pọnmi, àwọn ènìyàn rò pé óòmù wọn ń fi kún ara wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àpótí sípíkà, ihò méjèèjì so mọ́ ara wọn ní tààrà, gbogbo sípíkà tí ó wà lórí ìlà náà sì ń fa iná lára ańpílífáyà kan náà ní ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́. Óòmù ń dín kù ni. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo wà níbi àìsùn òkú kan tí a ti so sípíkà óòmù 8 mẹ́rin mọ́ ẹ̀rọ tí òpin rẹ̀ jẹ́ óòmù 4. Ó fọhùn dáadáa fún bíi wákàtí kan, gbogbo wa sì rò pé ó ti bọ́ sí i. Nígbà tí ó di pé kí àkọ́bí olóògbé dìde sọ̀rọ̀, òórùn waya jíjó jáde, ẹ̀rọ dákẹ́, ọkùnrin náà sì parí ọ̀rọ̀ ìdágbére fún ìyá rẹ̀ láìsí máíkì, níwájú àwọn ènìyàn tí ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣírò kí n tó ki nǹkan bọ nǹkan.

Ọ̀nà kan wà tí sípíkà mẹ́rin fi lè jẹ́ óòmù 8: kí a fi iná gba inú méjì kọjá ní ìtẹ̀léra, tí yóò fi di 16, kí a ṣe méjì yòókù bẹ́ẹ̀, kí a sì wá so 16 méjèèjì pọ̀ ní ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́. Ó ń béèrè àkànṣe waya, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì já, èkejì rẹ̀ yóò dákẹ́. Èmi kì í ṣe é níbi òde.

Ní ti wáàtì, èyí tí wọ́n kọ RMS sí iwájú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ gbà gbọ́. PEAK tàbí PMPO tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí kò sọ ohun tí sípíkà lè gbé láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Sípíkà méjì oní-óòmù kan náà yóò pín agbára lọ́gbọọgba. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 4 tí èkejì jẹ́ 8, ti óòmù 4 yóò gba ìlọ́po méjì ohun tí ìkejì gbà, ìdí sì nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ wá irú kan náà bí ó bá ṣeé ṣe.

Fún àwọn mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ń lo sípíkà ẹlẹ́nu gbàgàdà lórí òpó, ìṣirò mìíràn ni. Bí ó bá jẹ́ irú tí ó ní tiransifọ́mà lẹ́yìn, tí ańpílífáyà sì ní ojú 100V, wáàtì tí a yàn lára sípíkà kọ̀ọ̀kan ni a óò rò pọ̀, kí ó má sì ju bíi ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún agbára ańpílífáyà lọ. Ẹ má ṣe so nǹkan mọ́ ojú 100V àti ojú 8Ω lẹ́ẹ̀kan náà.

Waya, pupa àti dúdú

Waya máíkì àti waya gìtá kò dára fún sípíkà tí à ń bọ́, nítorí pé okùn inú wọn tín-ín-rín. Bí ẹ bá fi waya tí ó nípọn tó mìlímítà onígun mẹ́rin 0.75 bọ́ ẹrù óòmù 4 ní ìjìnnà mítà 20, bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára tí ó jáde lára ẹ̀rọ ni yóò di ooru lásán lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá lo 2.5, irú èyí tí wọ́n fi ń fa iná sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé, ohun tí yóò ṣòfò kò ní tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹ ra onírọ̀, tí okùn inú rẹ̀ pọ̀, torí pé èyí tí ó le gbagidi máa ń kán bí a bá ń ká a lójoojúmọ́.

Ní ti orí waya, bí ẹ bá ní àǹfààní láti yan, ẹ yan Speakon, èyí tí ilé iṣẹ́ Neutrik ní Liechtenstein gbé jáde ní 1987. A ń kì í bọ̀ ọ́, a ń yí i díẹ̀, yóò sì tì pa. Ẹsẹ̀ ènìyàn kò lè fà á yọ, orí rẹ̀ kò sì lè kan ara wọn bí ti jáàkì, èyí tí ó lè fa ìjàǹbá fún ańpílífáyà bí a bá yọ ọ́ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. 1+ àti 1− ni a ń lò nínú rẹ̀ fún sípíkà kan.

Pupa gbọ́dọ̀ lọ bá pupa, dúdú kí ó lọ bá dúdú. Bí ẹ bá yí ọ̀kan padà, sípíkà kan yóò máa ti afẹ́fẹ́ síwájú nígbà tí èkejì ń fà á sẹ́yìn, ìró ìlù àti ohùn ìsàlẹ̀ yóò sì pòórá ní àárín wọn. Bí waya kò bá ní àwọ̀, ẹ mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan oní-fóòtì 1.5, ẹ fi kan ojú sípíkà náà fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí kò sí lára ẹ̀rọ: bí ojú rẹ̀ bá yọ síta, ibi tí orí bátìrì kàn ni pupa.

Ibi tí ẹ óò gbé e sí

Máíkì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn gbogbo sípíkà. Bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ bá rìn kọjá síwájú ọ̀kan nínú wọn, ohùn tí ó jáde yóò tún wọ inú máíkì padà, yóò sì máa han gooro, bí sípíkà bá sì ṣe pọ̀ sí i ni ibi tí ó lè dúró sí ṣe ń kéré sí i. Ẹ gbé sípíkà sórí ẹsẹ̀ títí yóò fi ga ju orí àwọn tí wọ́n jókòó lọ dáadáa, bíi mítà 2, nítorí pé ara ènìyàn àti aṣọ ń gbé ohùn mì.

Ẹ kọ ojú sípíkà kejì sí ibi tí ti àkọ́kọ́ kọ ojú sí, kí wọ́n má ṣe dojú kọ ara wọn. Nígbà tí ooru bá jẹ́ nǹkan bíi 30 lórí ìwọ̀n Celsius, ohùn ń rin mítà 349 nínú afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n inú waya, kíákíá ni ó ń dé. Nítorí náà, bí sípíkà kejì bá wà ní mítà 35 sí àkọ́kọ́, ẹni tí ó jókòó sí ìdí rẹ̀ yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ara rẹ̀, lẹ́yìn ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá yóò tún gbọ́ ọ láti iwájú, kò sì ní mọ èwo ni kí ó tẹ́tí sí. Bí ẹ bá ní míkísà tí ó lè dá ohùn dúró, ẹ fi 349 pín ìjìnnà náà: mítà 25 jẹ́ 72 ms (ms kan ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá), èmi a sì fi bíi 10 ms kún un kí ó lè dà bí ẹni pé iwájú ni ọ̀rọ̀ ti ń bọ̀. Bí ẹ kò bá ní irú míkísà bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí àárín sípíkà méjèèjì ju bíi mítà 12 lọ, kí ẹ sì jẹ́ kí ohùn ti ẹ̀yìn rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ti iwájú.

Ẹ fi wákàtí kan ṣáájú ìpàdé sílẹ̀ fún ìdánwò. Bí ẹ̀rọ yín ni ó ń bọ́ sípíkà kejì, bátìrì rẹ̀ yóò yára tán ju bí ó ti máa ń ṣe lọ, nítorí náà ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé iye wákàtí tí ẹ mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ yí ohùn sókè díẹ̀díẹ̀ títí iná pupa tí wọ́n kọ CLIP sí yóò fi ṣẹ́jú, kí ẹ wá yí i padà sẹ́yìn díẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹnì kan máa ka ìwé sínú máíkì bí ẹni ń sọ̀rọ̀ gan-an, kí ẹ̀yin sì rìn láti àga àkọ́kọ́ dé àga ìkẹyìn, kí ẹ jókòó sórí rẹ̀, kí ẹ sì gbìyànjú láti tún gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ń kà sọ. Bí ẹ bá lè tún un sọ láìṣe àṣìṣe, ẹ padà lọ fi téèpù lẹ ibi tí bọ́tìnnì ohùn kọ̀ọ̀kan dúró sí, kí ẹnikẹ́ni má bàa yí i nígbà tí èrò bá dé.